Bí A Ṣe Ń Wọ Inú Òkun Lọ Bá Àbùùbùtán Abuké: Ìtọ́sọ́nà fún Ọmọ Yàgbà, Ìjùmú, Bùnú, Òwé àti Ọ̀wọ́rọ̀

Àbùùbùtán abuké, tí òyìnbó ń pè ní humpback, kì í ṣe ohun tí èèyàn ń lé kiri nínú omi. Ẹ ó wọ omi, ẹ ó dúró jẹ́ẹ́, òun fúnra rẹ̀ ni yóò pinnu bóyá kí ẹ rí òun dáadáa tàbí kí òun bá tòun lọ. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ kọ síhìn-ín, láti orí kíkọ́ omi wíwẹ̀ nílé títí dé etí ọkọ̀ ní Tonga, orílẹ̀-èdè erékùṣù kan nínú òkun Pàsífíìkì, orí ìyẹn ló dá lé. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ nínú omi kò lè dúró jẹ́ẹ́. Ẹni tí kò bá sì lè dúró jẹ́ẹ́, ìrù tó ń lọ ni yóò rí, kò ní rí ojú.

Ọmọ Mọ̀pà ni mí. Àwọn tó ń béèrè lọ́wọ́ mi láti Ìsánlú, Ẹ̀gbẹ̀, Ìyàrá àti Kàbà, ìbéèrè kan náà ni wọ́n máa ń bi mí: ṣé ó ṣeé ṣe fún ẹni tí wọ́n bí síbi tí òkun ti jìnnà tó báyìí? Ó ṣeé ṣe. Ó gba owó, ó sì gba sùúrù, ṣùgbọ́n apá tó le jù nínú rẹ̀ ni èyí tí ẹ lè bẹ̀rẹ̀ lónìí láìkúrò nílé.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ẹni tí ẹ ń lọ bá

Inú omi ni àbùùbùtán ń gbé, síbẹ̀ kì í ṣe ẹja. Afẹ́fẹ́ bíi tiwa ló ń mí. Ó máa ń lóyún fún nǹkan bí oṣù 11 sí 12, ọmọ kan ló máa ń bí, á sì fún un lọ́mú. Èyí tó ti dàgbà máa ń gùn tó mítà 13 sí 16. Ìwúwo rẹ̀ lè tó tọ́ọ̀nù 30, ìyẹn ẹrù tírélà kan tó kó 600 àpò sìmẹ́ǹtì jáde ní Ọbájáná. Apá rẹ̀ gùn púpọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú mẹ́ta gígùn ara rẹ̀. Ọmọ tuntun fúnra rẹ̀ ń gùn ju mítà 4 lọ, ó sì ń wúwo tó nǹkan bí tọ́ọ̀nù kan.

Ohun tó yẹ kó wà lọ́kàn yín jù ni oúnjẹ rẹ̀. Nínú òkun tútù ló ti ń jẹun. Àwọn tó ń wá sí Tonga, agbègbè Antarctica ni tiwọn, níbi tí wọ́n ti ń jẹ àwọn ẹ̀dá kéékèèké tó dà bí edé. Bí òtútù bá ti mú níbẹ̀, wọ́n á rin ẹgbẹẹgbẹ̀rún kìlómítà wá sí òkun tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ láti gun ara wọn àti láti bímọ. Ní gbogbo oṣù tí wọ́n bá fi wà níbẹ̀, ìyá náà fẹ́rẹ̀ẹ́ má jẹ nǹkan kan. Ọ̀rá ara rẹ̀ ló ń sọ di wàrà fún ọmọ. Nítorí náà, bí a bá lé e fún ogún ìṣẹ́jú, oúnjẹ ọmọ rẹ̀ la mú un ná dànù yẹn. Nígbà tí mo mọ èyí ni mo rí ìdí tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fi máa ń bínú sí atukọ̀ tó ń sáré tẹ̀ lé ìyá ọlọ́mọ.

Ìyá àgbà wa nílé bi mí pé, "Ọmọ mi, ṣé kò ní gbé ọ mì bíi ti Jónà?" Mo ní, "Rárá o, Màmá. Ẹnu rẹ̀ ló tóbi, ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ kéré. Kò sí eyín lẹ́nu rẹ̀ pàápàá, nǹkan bí irun líle ló fi ń sẹ́ oúnjẹ rẹ̀ kúrò nínú omi." Wọ́n ní, "Ó dáa, ṣùgbọ́n tí ó bá fi ìrù gbá ọ ńkọ́?" Ìbéèrè tó yẹ kí wọ́n bi mí gan-an nìyẹn, màá sì dáhùn rẹ̀ níwájú.

Ibi tí ẹ ó lọ, àti oṣù tí ẹ ó lọ

Orílẹ̀-èdè tó gba èèyàn láàyè láti wọ omi bá wọn kò pọ̀. Tonga ni gbogbo ayé mọ̀ jù, pàápàá àwọn erékùṣù Vava'u, láti oṣù Keje sí Kẹwàá. Ọba Taufa'ahau Tupou IV ló fi àṣẹ dá pípa àbùùbùtán dúró níbẹ̀ lọ́dún 1978, orílẹ̀-èdè náà sì ṣe òfin lórí wíwò wọn àti wíwẹ̀ pẹ̀lú wọn lọ́dún 2009. Ọkọ̀ tó ní ìwé àṣẹ nìkan ló lè gbé èèyàn lọ. Òmùwẹ̀ mẹ́rin pẹ̀lú afinimọ̀nà kan ló lè wà nínú omi lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì sí àyè fún sílíńdà afẹ́fẹ́ tí àwọn tó ń rì sí ìsàlẹ̀ máa ń gbé sẹ́yìn. Dominican Republic ní tirẹ̀, ibì kan lójú òkun tí omi kò ti jìn púpọ̀ tí wọ́n ń pè ní Silver Bank, láti oṣù Kìíní sí Kẹrin, nítorí àwọn ti apá àríwá ayé ló ń wá síbẹ̀. Ọsirélíà náà ní Ningaloo, ní etíkun ìwọ̀-oòrùn rẹ̀. Ẹ má gbàgbé pé Hawaii kò sí nínú rẹ̀: àwọn àbùùbùtán wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n òfin ní kí èèyàn má ṣe sún mọ́ wọn tó nǹkan bí mítà 91.

Ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ̀ pé wọ́n ń wá sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀dọ̀ wa náà. Ní gbogbo ọdún, àwọn àbùùbùtán abuké láti gúúsù máa ń wá sí etíkun Gabon, São Tomé, títí dé Benin àti Ghana. Ní Cape Lopez ní Gabon, àwọn ará Norway pa wọ́n rẹpẹtẹ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá, wọ́n tún padà wá pa wọ́n lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì. Àwọn tó kù ló ń pọ̀ sí i báyìí. Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí ẹ kọ́kọ́ lọ sí Benin láàárín oṣù Kẹjọ sí Kẹwàá, kí ẹ wò wọ́n láti inú ọkọ̀. Ọmọ Nàìjíríà kò nílò físà láti wọ ibẹ̀, ojú títì ni ẹ ó sì gbà lọ. Kì í ṣe ìrìn àjò láti wẹ̀ pẹ̀lú wọn nìyẹn. Ẹ fẹ́ mọ bí ikùn yín ṣe ń ṣe lójú agbami, kí ojú yín sì mọ èémí wọn lókèèrè kí ẹ tó ná owó ńlá.

Omi wíwẹ̀: ibi tí iṣẹ́ wà gan-an

Èmi kò fara mọ́ kí ẹnikẹ́ni lọ kọ́ omi wíwẹ̀ nínú Odò Ọya ní Lọ́kọ́jà. Odò méjì ló pàdé níbẹ̀, Ọya àti Bẹ́núè, ìṣàn wọn sì lágbára ju bó ṣe rí lójú lọ, pàápàá ní oṣù Kẹsàn-án àti Kẹwàá tí omi máa ń kún. Ẹni tó bá rántí ọdún 2012 àti 2022 kò nílò àlàyé. Àwọn dáàmù wa, bíi èyí tí wọ́n ń pè ní Omi Dam ní Yàgbà, ní wàhálà tiwọn. Omi tí kò ṣàn, tí koríko hù sétí rẹ̀, ni ìgbín kékeré tó ń gbé kòkòrò àtọ̀sí ajá fẹ́ràn, kòkòrò náà sì ń gba awọ ara wọlé láìjẹ́ kéèyàn mọ̀. Ẹni tó bá ti ń wẹ̀ níbẹ̀ láti kékeré, kó lọ ṣe àyẹ̀wò ìtọ̀ àti ìgbẹ́ ní ọsibítù. Oògùn rẹ̀ wà, ó sì ń ṣiṣẹ́.

Púùlù tí wọ́n ń da oògùn sí ni kí ẹ wá, pẹ̀lú olùkọ́ tó mọṣẹ́. Ẹ lè rí i ní àwọn òtẹ́ẹ̀lì ní Lọ́kọ́jà. Ìlọrin ló sún mọ́ àwọn ará Ẹ̀gbẹ̀ jù. Bí ẹ bá ti débẹ̀, ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú eré sísá. Líléfòó ni ẹ ó kọ́kọ́ kọ́. Ẹ fẹ̀yìn lé omi, kí etí méjèèjì wà nínú rẹ̀, ẹ máa mí títí èjìká yóò fi sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ dojú bolẹ̀. Ẹ máa ṣe é lọ títí ìṣẹ́jú mẹ́wàá kò fi ní jọ nǹkan kan lójú yín mọ́. Òṣìṣẹ́ púùlù lè máa wò yín bí ẹni tí kò rí nǹkan ṣe, ẹ má dá a lóhùn. Ohun tí ẹ ó ṣe ní Tonga ni ẹ ń kọ́ yẹn.

Mímí láti inú ọ̀pá, ilé ni ẹ ti lè kọ́ ọ. Ẹ bu omi sínú bàsíà ńlá tí a fi ń fọṣọ, ẹ gbé e lé orí àga, kí ẹ sì kúnlẹ̀ tì í. Ẹ wọ ìbojú tó bo ojú àti imú, ẹ fi ọ̀pá ìmí sẹ́nu, kí ẹ sì ti ojú bọ omi. Àyà yóò kọ́kọ́ já. Imú yóò máa wá ibi tí yóò gbé mí, kò ní rí i, ẹnu yóò sì máa fa afẹ́fẹ́ wìtìwìtì. Ẹ má yọ ojú kúrò. Ẹ fà á wọlé, ẹ ka ení dé ẹ̀rin. Ẹ tú u jáde, ẹ ka ení dé ẹ̀fà. Títú u jáde gbọ́dọ̀ pẹ́ ju fífà á wọlé lọ, torí bí a kò bá tú u tán, afẹ́fẹ́ tí a ti lò tẹ́lẹ̀ ló ń kù sínú ọ̀pá, òun la ó sì tún fà padà. Òun ló ń fa orí fífọ́ àti ìpáyà tí àwọn èèyàn ń sọ pé omi ló fà á.

Bí èyí bá ti mọ́ yín lára, ẹ ní kí àbúrò yín kan da omi kọ́ọ̀bù kan sínú ọ̀pá láti òkè láìsọ fún yín tẹ́lẹ̀. Ẹ fi agbára fẹ́ ẹ jáde lẹ́ẹ̀kan, fùú! Omi díẹ̀ yóò kù nísàlẹ̀ ọ̀pá tí yóò máa dún gbúlúgbúlú. Ẹ rọra mí kọjá lára rẹ̀, kí ẹ tún fẹ́. Ìgbì òkun kò ní sọ tẹ́lẹ̀ kó tó ṣe irú rẹ̀ fún yín. Àwọn ọmọdé nílé wa fẹ́ràn iṣẹ́ yìí, wọ́n sì fi ń kọ́ ara wọn.

Lẹ́yìn èyí ni lẹbẹ ẹsẹ̀, ìyẹn bàtà rọ́bà gígùn tó ń ti èèyàn síwájú. Ìbàdí ni ẹ ó ti máa fi ẹsẹ̀ gbá omi, orúnkún kò gbọ́dọ̀ tẹ̀ púpọ̀, ẹsẹ̀ kò sì gbọ́dọ̀ yọ lójú omi. Bí ẹ bá gbọ́ pàà-pàà lẹ́yìn ara yín, àbùùbùtán náà ti gbọ́ ọ kí ẹ tó gbọ́ ọ. Kí ẹ tó sọ pé ẹ ti ṣe tán, ẹ gbọ́dọ̀ lè wẹ 200 mítà láìdúró, kí ẹ sì léfòó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́yìn rẹ̀ láìdi nǹkan kan mú.

Ẹ kò nílò láti rì sísàlẹ̀ rárá. Bí ẹnikẹ́ni bá kọ́ yín pé kí ẹ mí kíákíá lọ́pọ̀ ìgbà kí ẹ tó di èémí mú, ẹ má gbọ́ tirẹ̀. Èèyàn máa ń dákú lábẹ́ omi nípa bẹ́ẹ̀ láìsí ìkìlọ̀, àwọn tó sì mọ̀ ọ́n wẹ̀ dáadáa ló sábà máa ń pa.

Ohun kan wà tí púùlù kò lè kọ́ yín. Nínú òkun Vava'u, ẹ ó wo ìsàlẹ̀, ẹ kò ní rí ilẹ̀. Búlúù nìkan ni, ìtànṣán oòrùn á máa rìn wọ inú rẹ̀ lọ títí ojú kò fi ní tó o mọ́. Àwọn tó wẹ̀ bí ẹja ní púùlù ti gun ọkọ̀ padà nítorí èyí. Ẹ bẹ afinimọ̀nà lọ́jọ́ àkọ́kọ́ kó jẹ́ kí ẹ wọ omi níbi tí ilẹ̀ ti hàn, kí ẹ rọra wẹ̀ lọ síbi tí kò ti hàn mọ́, kí ẹ léfòó níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Kí búlúù yẹn ti mọ́ yín lára kí àbùùbùtán tó dé.

Ohun èlò

Ìbojú ló ṣe pàtàkì jù. Ẹ gbé e lé ojú láìfi okùn rẹ̀ kọ́ orí, kí ẹ fi imú fa afẹ́fẹ́ díẹ̀. Bó bá lẹ̀ mọ́ ojú tí kò já bọ́, tiyín ni. Bí ẹ bá di irun, ẹ rí i pé kò sí dídì kankan lábẹ́ rọ́bà rẹ̀ níwájú orí, torí ibẹ̀ ni omi máa ń gbà wọlé. Irùngbọ̀n àti irun ètè òkè náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ìbojú tuntun máa ń ní ọ̀rá lójú dígí. Ẹ fi ọṣẹ ìfọyín ra inú rẹ̀ dáadáa kí ẹ tó gbéra, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò máa bo ojú bíi kùrukùru. Nínú ọkọ̀, itọ́ ni kí ẹ tu sí i, ẹ ra á kárí, ẹ fi omi òkun ṣàn án.

Aṣọ rọ́bà tó mọ́ ara pinpin wúlò. Omi Tonga lásìkò náà máa ń wà ní nǹkan bí 23 sí 25 ní ìwọ̀n Celsius, èyí tí ó dára létí, ṣùgbọ́n tí ó ń fa ooru kúrò lára ẹni tó dúró jẹ́ẹ́ nínú rẹ̀ fún wákàtí kan. Ẹni tí ara rẹ̀ bá ń gbọ̀n kò lè ṣe jẹ́ẹ́. Aṣọ náà tún ń gbé èèyàn léfòó.

Bí ẹ ó ṣe rí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì bá lọ

Ọ̀nà méjì ló wà. Èkíní ni ọkọ̀ àwọn àlejò tó gba onímọ̀ kan sínú rẹ̀ láti máa ṣàlàyé, tó sì ń kó àkọsílẹ̀ jọ. Èkejì ni iṣẹ́ ìwádìí gan-an tó ń gba olùyọ̀ǹda-ara-ẹni. Nínú ti èkejì, ẹ mọ̀ dájú pé ìwé àṣẹ ìwádìí sábà máa ń dárúkọ àwọn tó lè wọ omi, àwọn yòókù á wà nínú ọkọ̀. Mo fẹ́ràn ti èkejì jù, bí ẹ kò bá tilẹ̀ wọ omi ju ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan lọ, nítorí ohun tí ẹ ó kọ́ nínú ọkọ̀ pọ̀.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ béèrè: ta ló ni ìwé àṣẹ? Èèyàn mélòó ló ń wọ omi lẹ́ẹ̀kan? Bí àbùùbùtán bá kúrò, ṣé ẹ máa ń tẹ̀ lé e? Kí ni ẹ ń fi àkọsílẹ̀ náà ṣe? Ẹni tó bá ṣèlérí pé dandan ni kí ẹ fọwọ́ kàn án, ẹ sá fún un.

Lẹ́tà yín kò gbọdọ̀ kún fún bí ẹ ṣe fẹ́ràn ẹranko. Gbogbo èèyàn ló ń kọ ìyẹn. Ẹ sọ bí ẹ ṣe mọ omi wẹ̀ tó, bóyá ẹ ti gba ẹ̀kọ́ ìtọ́jú pàjáwìrì, bóyá ẹ lè fi kọ̀ǹpútà to àkọsílẹ̀ jọ láìṣe àṣìṣe, bóyá ẹ mọ kámẹ́rà lò. Ohun tó máa ń jẹ́ kí wọ́n tètè dáhùn ni pé kí ẹ ti ṣe díẹ̀ nínú iṣẹ́ náà. Ẹ sì lè ṣe é láti Kàbà. Abẹ́ ìrù àbùùbùtán abuké ní àwọ̀ dúdú àti funfun tí kò jọ ti èkejì, òun ni wọ́n fi ń dá wọn mọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Happywhale, ìkànnì ayélujára kan tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 2015, ń gba àwòrán ìrù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ó sì ń fi wọ́n wé ara wọn. Ẹ wọ ibẹ̀ lórí fóònù, ẹ wo ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìrù: èyí tó ní ojú àpá eyín ẹranko, èyí tó funfun pátá, èyí tí etí rẹ̀ ya. Ojú tó ti wo ìrù púpọ̀ máa ń ríran nínú ọkọ̀.

Ẹni tó bá ṣì wà nílé ẹ̀kọ́ gíga, tó fẹ́ fi èyí ṣe iṣẹ́, kó mọ̀ pé iléeṣẹ́ ìjọba tó ń ṣèwádìí òkun, NIOMR, wà ní Victoria Island ní Èkó láti ọdún 1975. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lè bẹ̀ wọ́n fún I.T., ìyẹn àyè láti kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn. Ọmọ wa kan níbẹ̀ yóò ṣí ọ̀nà fún mẹ́wàá.

Ìwé ìrìnnà

Ẹ lè gba páṣípọ́ọ̀tù ní Lọ́kọ́jà. Ẹ gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú àti káàdì aláwọ̀ ìyeyè rẹ̀, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ni yóò béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ Nàìjíríà. Ọ̀nà New Zealand, Ọsirélíà tàbí Fiji ni ọkọ̀ òfuurufú sábà máa ń gbà lọ sí Tonga, ìwé àṣẹ ìkọjá ní ìlú tí ẹ ó ti pààrọ̀ ọkọ̀ sì lè pẹ́ ju físà ibi tí ẹ ń lọ. Ẹ yanjú ìyẹn kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Ọjọ́ tí ẹ ó wọ omi

Oúnjẹ fúyẹ́ ni láàárọ̀. Mo mọ bí a ṣe fẹ́ràn iyán tó, ṣùgbọ́n iyán kọ́ ni ká jẹ lọ sórí ìgbì. Búrẹ́dì díẹ̀, ọ̀gẹ̀dẹ̀, omi tí a fi atalẹ̀ sè. Bí ẹ bá ní oògùn èébì ojú omi, kí ọkọ̀ tó gbéra ni kí ẹ ti lò ó. Bí èébì bá ti bẹ̀rẹ̀, ó ti pẹ́. Ẹ máa wo ọ̀ọ́kán níbi tí omi àti ọ̀run ti pàdé, ẹ má wo fóònù.

Èémí ni a máa ń kọ́kọ́ rí, ìkùukùu funfun tó ta sókè lójú omi ní mítà mélòó kan. Láti ibẹ̀, onímọ̀ ni yóò máa ka ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Akọ mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó ń jà lé abo kan lórí, tí omi ń ru gùdù? Inú ọkọ̀ la ó wà. Èyí tó ń fò jáde nínú omi? Inú ọkọ̀ náà ni. Èyí tó gbé ìrù sókè tó rì? Ó ti lọ sísàlẹ̀, ẹ dúró. Ìyá ọlọ́mọ tó sinmi, tó léfòó sójú kan, tàbí akọ tó dúró lábẹ́ omi tó ń kọrin, ìwọ̀nyí ni ó ṣeé ṣe kí a wọ omi bá. Mo ti rí i tí gbogbo òwúrọ̀ kọjá tí onímọ̀ kò gbà kí ẹnikẹ́ni wọlé. Ó dáa bẹ́ẹ̀.

Bí ó bá ní kí ẹ múra, ẹ jókòó sétí ọkọ̀ pẹ̀lú lẹbẹ lẹ́sẹ̀. Ẹ má fò. Ẹ yọ́ wọlé. Ẹ kó ara yín jọ sẹ́yìn afinimọ̀nà, kí apá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara, kí ẹnì kankan má ṣe gbá omi níwájú rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ni a ti ń sún mọ́ ọn, níbi tí ojú rẹ̀ lè rí wa. A kì í gba iwájú, a kì í gba ẹ̀yìn, a kì í kọjá lókè rẹ̀. Níbi tí afinimọ̀nà bá dúró sí, ẹ dúró.

Ìyá náà lè wà nísàlẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọmọ rẹ̀ kò lè pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ọmọ á máa gòkè wá mí ní ìṣẹ́jú díẹ̀díẹ̀, á sì yí po lẹ́ẹ̀kan kó tó padà sábẹ́ àgbọ̀n ìyá rẹ̀. Nígbà tó bá gòkè ni ó máa ń yà wá wo èèyàn. Ẹyinjú rẹ̀ wà nítòsí igun ẹnu, ó dúdú, awọ tó yí i ká wú díẹ̀. Ó ń yí i. Mo rí i tí ó wo afinimọ̀nà, tó wo mi, tó tún wo afinimọ̀nà. Bí ọmọ bá ń sún mọ́ yín jù, ẹ rọra fi lẹbẹ ti ara yín sẹ́yìn, kí ẹ sì máa wo ibi tí ìyá wà. Ẹ má wà láàárín àwọn méjèèjì láé.

Ti akọ tó ń kọrin yàtọ̀. Ẹ lè má rí i rárá, ṣùgbọ́n ẹ ó gbọ́ ọ. Ohùn rẹ̀ ń gba egungun àyà wọlé. Ẹ ó mọ̀ ọ́n lára kí etí tó mọ̀ ọ́n. Akọ nìkan ló ń kọ orin yìí. Roger Payne àti Scott McVay ló gbé ìwádìí jáde lọ́dún 1971 tó fi hàn pé orin gidi ni, tó ní ẹsẹ tí ń tún padà. Ìwádìí ẹ̀yìn ìgbà náà fi hàn pé orin tuntun máa ń ti ìlà-oòrùn Ọsirélíà ràn kọjá Tonga lọ sí Polynesia láàárín ọdún díẹ̀. Ẹ léfòó, ẹ má sọ̀rọ̀ nínú ọ̀pá, ẹ gbọ́.

Ìgbà tí ẹ gbọ́dọ̀ jáde

Àmì rẹ̀ kò ṣòro. Ìyá yóò fi ara rẹ̀ sáàárín yín àti ọmọ. Yóò yí ìrù sí yín. Yóò fi ìrù tàbí apá na ojú omi. Yóò bẹ̀rẹ̀ sí yára. Bí ẹ bá rí ọ̀kan, ẹ padà sí ọkọ̀ láìṣe ariwo, ẹ má dúró ya àwòrán.

Mo ti ṣèlérí pé màá dáhùn ìbéèrè Màmá. Lóṣù Kẹjọ ọdún 2020, ní Ningaloo, àbùùbùtán abuké kan ṣe obìnrin tó ń wẹ̀ léṣe tí egungun ìhà rẹ̀ fi fọ́. Ìrù tó ń ti tọ́ọ̀nù 30 kiri kò nílò ìbínú kó tó pa èèyàn lára. Lọ́dún 2017, ní erékùṣù Cook, àbùùbùtán kan ń fi orí àti apá ti onímọ̀ ẹ̀dá òkun Nan Hauser kiri fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹja yanyan kan, tí òyìnbó ń pè ní shark, sì wà nítòsí. Hauser gbà pé ṣe ni àbùùbùtán náà ń dáàbò bo òun. Àwọn èèyàn fẹ́ràn ìtàn yẹn nítorí yanyan náà. Èmi ń rán yín létí apá kejì rẹ̀: obìnrin tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún bá wọn ṣiṣẹ́ kò rí nǹkan kan ṣe sí i bí kò ṣe kó fara balẹ̀ títí ó fi jọ̀wọ́ rẹ̀. Kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ wá irú rẹ̀ fúnra rẹ̀.

Iṣẹ́ tí wọn yóò fún yín

Nínú ọkọ̀, ẹ ó máa kọ aago, ibi tí a wà, iye àbùùbùtán, bóyá ọmọ wà, ibi tí wọ́n kọjú sí. Pẹ́ńsù ni ẹ ó fi kọ ọ́, bírò kì í kọ nínú omi iyọ̀. Ohun tí ẹ kò rí, ẹ má kọ ọ́; "ó jọ pé" kò wúlò fún wọn. Bí ìrù bá ń gòkè, ẹ̀yìn rẹ̀ ni kí kámẹ́rà wà, kí abẹ́ rẹ̀ lè hàn, ìgbà tó bá fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró ṣánṣán ni kí ẹ yà á. Ẹ ya lẹbẹ ẹ̀yìn rẹ̀ náà lọ́tùn-ún àti lósì.

Iṣẹ́ tí mo fẹ́ràn jù kéré lójú. Bí àbùùbùtán bá fò jáde tó sì já lulẹ̀, awọ ara rẹ̀ máa ń bó díẹ̀díẹ̀ sínú omi, dúdú, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kò tó èékánná nígbà mìíràn. Bí ó bá ti lọ, wọn yóò fún yín ní asẹ́ kékeré bí èyí tí a fi ń sẹ́ ògì, ẹ ó sì fi gbé e. Nínú awọ yẹn ni wọ́n ti ń mọ̀ bóyá akọ ni tàbí abo, àti ẹbí tó ti wá. Ẹ má fi ọwọ́ lásán mú un, torí ara tiyín yóò dà pọ̀ mọ́ ọn. Ẹ lo èlò tí wọ́n bá fún yín, ẹ sọ ọ́ sínú ìgò tó ní nọ́ńbà, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ aago kí ọkọ̀ tó kúrò níbẹ̀.

Lálẹ́, ẹ fi omi tí kò níyọ̀ fọ ìbojú, ọ̀pá àti lẹbẹ, ẹ sá wọn sí ibòji, oòrùn ń pa rọ́bà. Ẹ da àwòrán yín sí kọ̀ǹpútà kí ẹ tó sùn, ẹ pín wọn sí ọjọ́ àti wákàtí, ẹ fún onímọ̀ ní gbogbo rẹ̀, àwọn tí kò mọ́lẹ̀ dáadáa náà. Bó bá gbà yín láyè, ẹ fi ìrù tó hàn kedere ránṣẹ́ sí Happywhale pẹ̀lú ọjọ́ àti ibi tí ẹ ti rí i. Bí ẹlòmíràn bá tún rí àbùùbùtán kan náà lọ́jọ́ iwájú, tí àwòrán rẹ̀ bá bá tiyín mu, wọ́n á jẹ́ kí ẹ mọ̀.